Ẹni Tí Wọ́n Ti Mọ̀ Kì í Pẹ́ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

A kú orí ire ti ọdún mẹ́wàá. Inú pálọ̀ ẹnìkan la ti bẹ̀rẹ̀, tí àga kò tó wa jókòó, tí àwọn kan wà lórí ẹní. Àwa náà la kún gbọ̀ngàn báyìí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa ẹ̀ka ìpolongo wá sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ yín ti rò pé ìtàn ẹgbẹ́ la máa sọ. Akọ̀wé wa ti kọ ìyẹn, ó wà nínú ìwé ìrántí tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò la mú wá. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba kò kéré mọ́, àwa tí a wà nílé náà a sì máa lọ kí wọn, a ń lọ sí ìgbéyàwó àti ìkómọ. Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá lórí fóònù: “Alukoro, kí ni ti ìlà tí àwọn kan ń gbà kọjá wéré ní pápákọ̀ òfuurufú yẹn? Èló ni wọ́n ń san? Ta ni wọ́n mọ̀?” A máa dáhùn lónìí. A sì ní gbèsè kan tí a fẹ́ san kí ọ̀rọ̀ tó parí. Gbèsè náà kì í ṣe ti owó.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kẹta ṣáájú, “Ta ni wọ́n mọ̀?” Wọn kò mọ ẹnikẹ́ni o. Àwọn ni wọ́n ti mọ̀.

Iṣẹ́ báǹkì la fi ń jẹun, ẹ jẹ́ ká fi ṣe àlàyé. Bí ẹnìkan bá wọ báǹkì wá gba owó ńlá, tí a kò mọ̀ ọ́n rí, ìbéèrè á pọ̀. Ibo lẹ ti wá? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe? Ta ló fi owó náà ránṣẹ́? Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti gba ìtẹ̀ka rẹ̀, tí a mọ àdírẹ́sì rẹ̀, tí a sì ti ń wo bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kì í pẹ́ níwájú wa. Ohun tí BVN wà fún nìyẹn, tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2014. Ọ̀pọ̀ wa ló bínú nígbà náà pé kí ló dé tí a fi ń tò lábẹ́ oòrùn torí ìtẹ̀ka. Lónìí, nọ́ńbà kan náà la fi ń ṣí àpò owó sí báǹkì mìíràn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Àyẹ̀wò náà kò kúrò níbẹ̀, a ti ṣe é ṣáájú ni. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bí ètò ìlà kúkúrú ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà dá àjọ TSA sílẹ̀ láti máa yẹ àwọn èrò ọkọ̀ òfuurufú wò. Kí ọdún náà tó parí, ọkùnrin kan gbé bọ́ǹbù sínú bàtà wọ ọkọ̀. Nígbà tó di 2006, bíbọ́ bàtà di dandan fún gbogbo èrò. Ọdún kan náà ni ọlọ́pàá ìlú Ọba tú àṣírí àwọn tó fẹ́ lo bọ́ǹbù olómi. Ibẹ̀ ni òfin ti wá pé omi, ìpara tàbí lọ́fíńdà tí ìgò rẹ̀ bá ju 100 mílílítà lọ kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́.

Ti 2009 ló wá kan àwa gan-an. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan fi ohun abúgbàù pamọ́ sínú àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Detroit. Ọlọ́run kò jẹ́ kó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kìíní 2010, Amẹ́ríkà kọ orúkọ orílẹ̀-èdè 14 jáde pé àwọn máa tú àwọn èrò tó bá ti ibẹ̀ wá wò ju ti ẹlòmíràn lọ. Nàìjíríà wà lára wọn. Oṣù Kẹrin ni wọ́n tó yí i padà. Ẹnìkan ló ṣe é, gbogbo ẹni tó gbé pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé dání ló fara gbá a. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Àwọn fúnra wọn wá rí i pé bí a bá ń fura sí gbogbo ènìyàn bákan náà, ìlà kò ní tán láéláé. Ní 2011 ni TSA bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní PreCheck. Ẹni tó bá gbà kí wọ́n yẹ òun wò dáadáa kí ọjọ́ ìrìn àjò tó dé, wọn kò ní dà á láàmú púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní 2024, àwọn tó wà nínú ètò náà ti lé ní 20 mílíọ̀nù.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ rèé. Ẹ ó kún fọ́ọ̀mù kúkúrú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì mú ọjọ́ tí ẹ máa lọ sí ibùdó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ ó kó ìwé ẹ̀rí yín dání lọ síbẹ̀, ẹ ó tẹ̀ka, wọn ó ya yín ní fọ́tò, ẹ ó sì sanwó. Owó náà kò tó $90, ọdún 5 ló wà fún. Wọn ó wádìí bóyá ẹ ti rú òfin rí. Bí kò bá sí ẹ̀sùn lọ́rùn yín, wọn ó fún yín ní nọ́ńbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Known Traveler Number, KTN. Nọ́ńbà yìí lẹ ó máa kọ síbi tí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá wọlé, àmì PreCheck á hàn lórí ìwé tí ẹ máa fi wọkọ̀. Bí àmì náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ìlà gígùn lẹ máa tò sí lọ́jọ́ náà.

Kí ni èrè rẹ̀? Láptọ́ọ̀pù yín á wà nínú báàgì. Ike olómi kékeré yín náà á wà níbi tó wà. Ẹ kò ní tú bẹ́líìtì, ẹ kò ní bọ́ jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bàtà náà, wọn kì í ní kí àwọn tó wà nínú ètò yìí bọ́ ọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé òfin bíbọ́ bàtà kúrò lọ́rùn gbogbo èrò ní oṣù Keje 2025. Ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju 12 lọ lè bá òbí rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá láìforúkọ sílẹ̀. TSA ní nínú èrò 100 tó ń gba ìlà yìí, nǹkan bí 99 kì í dúró tó ìṣẹ́jú 10.

Níbi orúkọ ni àwa Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀, lórí pásípọ́ọ̀tù àti lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹni tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ń jẹ́ Olúwaṣèyífúnmi, tó wá fi Ṣèyí ra tíkẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Ìyàwó tí gíríìn káàdì rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, tó wá fi orúkọ ọkọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà á tò sí ìlà gígùn. Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ ọ̀gbà ni wá, a mọ ọdún tí wọ́n bí oníkálukú wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní ọjọ́ orí ilé àti ọjọ́ orí ìwé, ọ̀kan ṣoṣo ni kó mú dé pápákọ̀.

Ètò kejì ni Global Entry. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, CBP, ló ni ín, láti 2008. Nígbà tí ẹ bá ń jáde ni PreCheck wúlò. Nígbà tí ẹ bá ń padà wọ Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ òkèèrè ni Global Entry wúlò. Ẹ ó dúró síwájú ẹ̀rọ kan, ó ya ojú yín, ẹ bá aṣọ́bodè sọ̀rọ̀ ṣókí, ó parí. Láti oṣù Kẹwàá 2024, $120 ni owó rẹ̀ fún ọdún 5, PreCheck sì wà nínú rẹ̀, ẹ kò ní san ti ìyẹn lọ́tọ̀ mọ́. Wọ́n máa ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ gbà wọlé láìtíì fọwọ́ sí i pátápátá lè ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń ti òkèèrè bọ̀, bíi kí ó ti ọ̀dọ̀ wa níbí padà. Ti àwọn ọmọ yàtọ̀ níhìn-ín: ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní sanwó, bí òbí rẹ̀ bá wà nínú ètò náà tàbí tó bá ń forúkọ sílẹ̀.

Ta ló lè wọ̀ ọ́? Ti PreCheck, ọmọ onílùú Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní gíríìn káàdì. Ti Global Entry, àwọn wọ̀nyí àti aráàlú àwọn orílẹ̀-èdè kan, bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Íńdíà. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Nítorí náà, àwa tí a wà nílé, tí físà ìbẹ̀wò nìkan wà lọ́wọ́ wa, ìlà yẹn kì í ṣe tiwa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín pé òun á bá yín ṣe é. Kódà ẹ̀yin tó tọ́ sí, ẹ ṣọ́ra. Àwọn oníjìbìtì ń ṣe ojú òpó tó jọ ti ìjọba. Ojú òpó gidi ń fi .gov parí. Ẹni tó sì ń gba PreCheck fún ìgbà àkọ́kọ́, ojúkojú ní ibùdó ìforúkọsílẹ̀ ló ti ń sanwó. Bí wọ́n bá ti ní kí ẹ san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ sá.

Àwa tí a kò ní in náà lè mú ọ̀nà wa yá. Ẹ to báàgì ọwọ́ yín sílẹ̀ láti ilé. Ẹ má ṣe gbé èlùbọ́ tàbí gàrí sínú báàgì ọwọ́ bí ẹ bá ń lọ sí Amẹ́ríkà, torí ohun oníyẹ̀fun tó bá tó 350 mílílítà, wọ́n lè ní kí ẹ kó o jáde fún àyẹ̀wò. Ẹ kó o sínú ẹrù ńlá. Ti owó, kò sí òfin tó ní kí ẹ má gbé dọ́là. Ohun tí òfin wí ni pé bó bá ju $10,000 lọ, ẹ sọ fún wọn. Nàìjíríà náà ní òfin yìí. Owó tí a kéde kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èyí tí a fi pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Gbèsè wa wá dé wàyí.

Lọ́dún kejì sẹ́yìn, lẹ́yìn Ojúde Ọba, ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Maryland ń múra àtipadà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó jókòó sójú kan, kò sí oṣù tí kì í wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ní Global Entry. Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ, àwa ẹ̀ka ìpolongo gbé báàgì kan lọ bá a ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní, “Kí lẹ dì sínú rẹ̀?” A ní, “Aṣọ ẹgbẹ́ ni, fìlà àti èlùbọ́ díẹ̀, fún àwọn ará wa tí kò lè wálé.” Kò tú u wò. Kí ni ì bá tú wò? Kíláàsì kan náà ní sẹ́kọ́ńdìrì la ti mọra.

Ẹran iléyá wà láàárín aṣọ náà. A ti dín in gbẹ, a sì fi nílọ́ọ̀nù méjì wé e. Ìfẹ́ ló sún wa ṣe é. Àgbò tí gbogbo ẹgbẹ́ dáwó rà ni, a ní kí àwọn tó wà lókè òkun náà fẹnu kàn án. A kò ní parọ́ fún yín lónìí pé a gbàgbé. Nígbà tí à ń sọ pé aṣọ àti èlùbọ́ ni, a mọ̀ pé ẹran wà níbẹ̀. A kàn rò pé kò tó ohun tí ènìyàn ń dárúkọ ni.

Nígbà tó dé ọ̀hún, wọ́n bi í bóyá ó gbé ẹran dání. Ó ní rárá. Ajá kékeré kan tó ń gbóòórùn ẹrù kiri wá jókòó ti báàgì náà. Wọ́n tú u. Ó sọ fún wọn pé òun kò mọ̀, òtítọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ló sì sọ pé kò sí ẹran. Wọ́n gba ẹran náà, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà dé pé wọ́n ti gba Global Entry lọ́wọ́ rẹ̀. PreCheck tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Ó ti kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọn kò tíì dá a padà fún un.

Kò bá wa jà. Owó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ni kò dá sí ọ̀rọ̀ kankan lórí WhatsApp ẹgbẹ́. Nígbà tí a pè é níkẹyìn, a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ nítorí ìlà gígùn tó ń tò. Ó ní, “Ìlà gígùn kọ́ ló ń dùn mí. Mo bi yín.” Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí wa.

Ó ti dárí jì wá ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń sọ pé ó kó ẹrù òfin ni wọ́n fi mú un. Irọ́ ni. Àwa la di ẹrù náà, àwa la sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́ fún un. Ọ̀rẹ́ wa wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí. Níwájú Bàbá Ìsàlẹ̀, níwájú ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo àlejò, a tọrọ gàáfárà. Kó sì wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé ọdún kẹwàá yìí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Òfin tí a rú náà kò le. Amẹ́ríkà kì í gba ẹran láti ọ̀dọ̀ wa, ìbáà jẹ́ díndín, kílíṣí tàbí ẹran ìgbẹ́, nítorí àrùn ẹran ọ̀sìn. Oúnjẹ yòókù, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá kéde oúnjẹ tí wọn kò fẹ́, wọ́n á gba oúnjẹ náà, wọn kò ní bu owó ìtanràn lé e. Bí a bá ti sọ pé ẹran wà níbẹ̀, ì bá ti fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ì bá sì fi jẹ ẹ̀bà.

Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti fọwọ́ sí ohun mẹ́ta láti òní lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn ní ẹrù tí wọ́n ti dì pa, ojú ẹni tó fẹ́ gbé e ni kí wọ́n ti dì í. Ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ á kọ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ sórí ìwé, á sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní òun kò lè gbé ẹrù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú sí i, kí a má sì ṣe sọ pé òyìnbó ti gba orí rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun tí àwọn ìjọba yẹn ń fi ìtẹ̀ka àti $120 wá, ọdún mẹ́wàá la fi kó o jọ láàárín ara wa. A mọ ilé ara wa, a mọ òbí ara wa, a mọ ẹni tó yá owó tó sì dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan nínú wa kò fi tú báàgì wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìlà kúkúrú tiwa nìyẹn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe kó gbogbo orílẹ̀-èdè sí wàhálà ní 2009, bẹ́ẹ̀ náà ni gbólóhùn kan láti ẹnu wa ṣe kó ọ̀rẹ́ wa sí ti 8 oṣù àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká máa sọ ohun tó wà nínú báàgì.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Kí ilé má ṣe jó wa, kí ọ̀nà má ṣe nà wá. Ọdún mẹ́wàá yìí á di ogún, á di ọgbọ̀n, a kò ní dín. Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ ó délé láyọ̀.